Oríkì Sọ̀wédowó Páálí

Sọ̀wédowó páálí, mo dìde, mo fẹ́ kì ọ́.
Gbẹ̀ǹgbẹ̀ orí pèpéle,
Ẹni méjì ní ń gbé ọ, báǹkì kan kì í gbà ọ́.
Afúnnilókìkí-gboorun-lójú-ẹni,
Akọ̀wé tó mọ orúkọ olówó í kọ gàdàgbà,
Tó mọ iye owó í kọ gàdàgbà,
Tó tún kọjú sí kámẹ́rà kí olè má baà ṣì í kà.
O ò wọ àpò, o ò wọ àpótí,
O ò ra kóńgò gaàrí kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé ọ.
Síbẹ̀ wọ́n ń lulù fún ọ, wọ́n ń fọn fèrè fún ọ.
Àwọn ẹlòmíì ń kì ọba, wọ́n ń kì ọdẹ tó pa erin;
Ìwọ tó o pa ayọ̀ mọ́ onílé lọ́wọ́, èmi ni màá kì ọ́.

A mọ̀ ọ́n dáadáa ní ilẹ̀ yìí. Báǹkì fẹ́ polówó, wọ́n á gbé e jáde. Ilé iṣẹ́ fóònù fẹ́ polówó, wọ́n á gbé e jáde. Oníbíà, oníbisikíìtì, olóṣẹ, gbogbo wọn ló ní tiwọn. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ni orúkọ rẹ̀ jáde pé ó jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ wọn. Wọ́n ní kó wá sí gbọ̀ngàn ní agogo mẹ́wàá. Ó ti wọ lééṣì tó fi ṣe ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, wọ́n bá gbé ẹ̀wù pélébé tí orúkọ ilé iṣẹ́ wà láyà rẹ̀ wọ̀ ọ́ lé e lórí. Wọ́n gbé páálí fún un. Apá rẹ̀ ò ká a, ọ̀gá kan bá a di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, ọ̀gá náà ló wá bọ́ sáàárín fọ́tò. "Mọ́mì, ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i!" Ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n. Àtàǹpàkò rẹ̀ bo òdo kan mọ́lẹ̀ lára iye owó náà. Kíá, ọmọbìnrin tó ń ṣètò sáré wá, ó rọra sún ìka ìyá sí ẹ̀gbẹ́ kan kí gbogbo òdo lè yọ. Kámẹ́rà kọ mọ̀nà. Wọ́n gba páálí padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti páálí náà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, wọ́n ní álẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí álẹ́ẹ̀tì tó wọlé, ẹbí ti wọlé. Àbúrò bàbá tí kò wá síbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀ ti jókòó sí pálọ̀ láti ìdájí. Ẹni tó fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ Márúwá ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wòlíì kan ti rí ìran pé ìdámẹ́wàá owó náà gbọ́dọ̀ jáde kí oṣù tó pé. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Gbogbo ìyẹn ṣì dára, nítorí àwọn wọ̀nyí kí i kí wọ́n tó bèèrè. Ẹni tí àyà mi ń já sí ni ẹni tí kò wá kí i, tó kàn gba iwájú ilé kọjá nírọ̀lẹ́, tó ń ka iye ilẹ̀kùn.

Sọ̀wédowó páálí, ọmọ ayàwòrán,
Ìwọ lo wọlé, àlejò ò gbẹ́yìn rẹ.
O ò mú ọlọ́pàá dání wá, o ò mú lọ́yà dání wá,
Fọ́tò lo mú wá, fọ́tò lo fi sílẹ̀ lọ.
O sọ fún gbogbo àdúgbò ibi tí owó wà,
O ò sọ fún ẹni tó ni ín bó ṣe máa pa á mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní í máa sọ pé ẹni tó bá jẹ tẹ́tẹ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Wọ́n ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Àwọn ìwé ìròyìn tilẹ̀ ní iye kan tí wọ́n fẹ́ràn: wọ́n ní nínú 100 ẹni tó bá rí owó òjijì, 70 ló máa padà sí òṣì láàárín ọdún díẹ̀. National Endowment for Financial Education, àjọ kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n máa ń ti ọ̀rọ̀ náà sí lẹ́nu. Ní 2018 àjọ náà fúnra rẹ̀ jáde, ó ní òun kò ní ìwádìí kankan tó fi ìdí iye yẹn múlẹ̀. Ìwádìí tó wà ń sọ nǹkan mìíràn. Erik Lindqvist, Robert Östling àti David Cesarini tọ ipasẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó jẹ lọ́tìrì ní Sweden. Èsì wọn jáde ní 2020: ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí owó wọlé, àwọn tó jẹ owó ńlá ṣì ń sọ pé ayé àwọn tẹ́ àwọn lọ́rùn sí i. Owó òjijì kì í sọ gbogbo ènìyàn di wèrè. Èmi gbà pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ìtàn wọn ń dẹ́rù bà wá, kí owó tó yí wọn lórí ni ariwo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, ẹni tó sì ta tẹ́tẹ́ fún wọn ló ń pa ariwo náà.

Kí wọ́n tó gé ọ rárá, páálí, ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn ni ẹ̀gbọ́n rẹ. Ní oṣù Kẹfà 1960, Bazil Thorne, ọkùnrin atajà tó ń ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, jẹ £100,000 nínú lọ́tìrì tí wọ́n fi ń wá owó kọ́ Opera House ní Sydney. Àwọn oníròyìn tẹ orúkọ rẹ̀, wọ́n tẹ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ní Bondi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stephen Bradley ka ìròyìn náà. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé náà pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu, ó ṣe bí ẹni tó ń ṣe ìwádìí kan. Ó wo àkókò tí ọmọ Thorne ń jáde lọ sílé ìwé. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 8 dúró síbi tó máa ń dúró de ọkọ̀ tó ń gbé e, Bradley gbé e lọ, ó wá pe ilé náà lórí fóònù pé òun fẹ́ £25,000. Ní oṣù Kẹjọ ni wọ́n rí òkú ọmọ náà. Àwọn ọlọ́pàá mú Bradley nínú ọkọ̀ ojú omi ní Colombo, wọ́n dá a padà, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n gbére. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tó le lórí ìjínigbé, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó bá jẹ lọ́tìrì lè fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti 1960, páálí!
Ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ló kọ́ wọn.
Ọdún ń gorí ọdún, o ṣì ń kọ orúkọ gàdàgbà.
Ọ̀bùn tó rí omi tí kò wẹ̀,
Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn,
Tó jáde tí kò mọ nǹkan kan.

Ọdún tó tẹ̀ lé 1960 ni o dé Castleford, ìlú àwọn awa-èédú ní Yorkshire. Keith Nicholson jẹ pool Littlewoods, £152,319. Pool yẹn náà làwọn bàbá wa ń kọ ní Ìbàdàn àti ní Èkó: bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Sátidé, eré tó máa ta ọ̀mì ni wọ́n ń wá kiri, etí ò sì ní kúrò lára rédíò títí tí wọ́n á fi ka èsì tán. Nítorí náà ọ̀rọ̀ Keith kò jìnnà sí wa. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Viv, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí London, Bruce Forsyth, òṣèré tí gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀, ló gbé sọ̀wédowó lé wọn lọ́wọ́. Àwọn oníròyìn bi Viv léèrè ohun tó máa fi owó ṣe. Ọmọ ọdún 25 ni, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní òun máa ná an, òun á tún ná an, òun á sì tún ná an.

Wọ́n ná an lóòótọ́. N kò ní bò wọ́n láṣìírí: ọkọ̀ lórí ọkọ̀, aṣọ lórí aṣọ, ọtí. Keith kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ Jaguar rẹ̀ ní 1965, owó pòórá, ilé ẹjọ́ kéde pé Viv ti wọko gbèsè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹn kò tán. Wọ́n fi sọ ìwé lórúkọ, BBC fi ṣe eré ní 1977, wọ́n tún gbé e lọ sí ìtàgé London pẹ̀lú orin. Nígbà tó kú ní 2015, ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n fi kéde ikú rẹ̀. Ta ni nínú wa tí kò sọ ọ̀rọ̀ ayọ̀ kan rí ní ọmọ ọdún 25? Tiwa fò lọ. Tirẹ̀, kámẹ́rà ló gbà á sílẹ̀, ó sì di orúkọ mọ́ ọn lára fún ọdún tó lé ní 50.

Ẹni tó bá ní òṣì ìmọ̀ ló ń pa wọ́n, kó gbọ́ ti Jack Whittaker. Oníṣòwò ni ọkùnrin yìí ní West Virginia, ó ń ri páìpù omi, owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Powerball. Ní ọjọ́ Kérésìmesì 2002 ó jẹ mílíọ̀nù 314.9 dọ́là. Iye yẹn ni wọ́n pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pín in gba fún ọdún gbọọrọ nìkan ni iye yẹn wà fún. Whittaker ní kí wọ́n kó o fún òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n sì yọ owó orí tán, ohun tó wọ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 113 dọ́là àti díẹ̀. Ayé ń bèèrè 314 lọ́wọ́ ẹni tó gba 113. Ó dé fìlà ńlá àwọn darandaran Amẹ́ríkà jáde sí àwọn oníròyìn, ó ní òun á ran ìjọ lọ́wọ́, ó ràn wọ́n. Ó dá àjọ àánú sílẹ̀. Ó ra ilé fún obìnrin tó wà nílé ìtajà tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó fẹ́ gbà kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹjọ 2003 wọ́n fọ́ ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé ijó oníhòòhò, wọ́n kó 545,000 dọ́là lọ. Owó wo ni ọlọ́gbọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀ rìn? Òun fúnra rẹ̀ jẹ̀bi ìyẹn. Àmọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Brandi, tó fẹ́ràn ju ojú lọ, kò jẹ̀bi ohunkóhun. Àwọn tó ń ta oògùn olóró ní agbègbè yẹn mọ̀ pé ọmọ Whittaker ni. Wọ́n rí òkú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2004, ọmọ ọdún 17.

Sọ̀wédowó páálí, onírọ́ aláfọwọ́sí,
Tó kọ 314 sórí ẹni tó gba 113,
Tó rán alágbe sí i, tó rán olè sí i,
Tó fi ojú ọmọ rẹ̀ han àwọn tó ń ta ikú.

Ní England lọ́dún 2002 kan náà, akólẹ̀ ọmọ ọdún 19 kan ní Norfolk jẹ mílíọ̀nù 9.7 pọ́n-ùn pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ilé ẹjọ́ so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó hùwà bí ọmọ ọdún 19 tí kò ní olùtọ́jú. Ìwé ìròyìn ń rí ọjà tà lára rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣìwà hù. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ alágbàṣe. Kò sí ìwé ìròyìn kankan tó dá èrè padà fún un.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Abraham Shakespeare. Ní 2006, ó jẹ mílíọ̀nù 30 dọ́là ní Florida, wọ́n kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 fún un. Olùrànlọ́wọ́ awakọ̀ akẹ́rù ni, ìwé kíkà rẹ̀ kò jáfáfá, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Òfin Florida ìgbà náà sọ pé orúkọ ẹni tó bá jẹ tẹ́tẹ́ kì í ṣe àṣírí. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pè é lẹ́jọ́ pé òun ló ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé ẹjọ́ dá Abraham láre. Ó yá ẹni tó yá lówó, ó san gbèsè ẹni tó san, kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Ìgbà náà ni obìnrin kan, Dee Dee Moore, wá bá a. Ó ní òun fẹ́ kọ ìwé nípa rẹ̀, nípa bí àwọn èèyàn ṣe ń rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ gbọ́ ohun tó fi wọlé! Bó ṣe ń gbọ́ ìtàn, ni owó ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ni ilé ń bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2009 a kò rí Abraham mọ́. Àwọn ará ilé ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé kì í kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Ní oṣù Kíní 2010 wọ́n fọ́ kọnkéré kan lẹ́yìn ilé kan ní Plant City, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti hú u. Ilé ẹjọ́ dá Moore lẹ́bi ìpànìyàn ní 2012, ẹ̀wọ̀n títí ayé.

N kò ní kì ọ́ síbi tí òkú yìí wà, páálí. Dákẹ́.

Àwọn kan ti mọ̀ ọ́n bọ́. Ní oṣù Kíní 2018, obìnrin kan ní New Hampshire jẹ mílíọ̀nù 559.7 dọ́là. Kó tó bá lọ́yà sọ̀rọ̀, ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Lọ́yà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé ká ní orúkọ trust kan tí lọ́yà bá dá sílẹ̀ fún un ló kọ, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ ọ́n. Kò jókòó kó máa sunkún, ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù Kẹta, adájọ́ gbà pé ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ wúwo ju ìfẹ́ aráyé láti mọ̀ ọ́n lọ. Ìlú tó ń gbé nìkan ni wọ́n lè sọ. Ní Jàmáíkà, àwọn tó bá jẹ máa ń fi agọ̀ bojú gba sọ̀wédowó. Ní oṣù Kẹwàá 2022, ọkùnrin kan jẹ mílíọ̀nù 219 yuan ní Nanning ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó wọ aṣọ àwòrẹ́rìn-ín aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tó bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó gba páálí rẹ̀, ó fi mílíọ̀nù 5 ta àwọn aláìní lọ́rẹ níbẹ̀, ó ní òun ò tíì sọ fún ìyàwó àti ọmọ, kí wọ́n má baà di ọ̀lẹ. Ti ìyàwó yẹn le díẹ̀ lójú tèmi, ṣùgbọ́n ti aṣọ náà yé mi. Àwa tí a ni ẹ̀kú, tí a mọ̀ pé ará ọ̀run lè jó yí ọjà ká kó gba owó kó súre, kí ẹnikẹ́ni má bèèrè orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí ẹlòmíì kọ́ wa.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí National Lottery wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1994, wọ́n máa ń bi ẹni tó jẹ pé ṣé ó fẹ́ kí aráyé mọ̀ tàbí kò fẹ́. Wọ́n tún máa ń mú un mọ agbẹjọ́rò àti amòye owó. Owó rẹ̀ kò dín nítorí pé ó ní òun kò fẹ́. Ohun tí mò ń bèèrè fún wa kò ju ìyẹn lọ.

Ìgbà yìí ló sì yẹ. National Lottery Act ti 2005 ni wọ́n fi ń ṣàkóso lọ́tìrì ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀. Èkó gbé ìjọba àpapọ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní 2008, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn dara pọ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fagi lé òfin náà ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024: wọ́n ní ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin aṣòfin Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Oǹdó, Èkìtì àti Èkó, kálàmù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá kọ lọ́tìrì Baba Ìjẹ̀bú tó jẹ two sure, ó lè gba owó rẹ̀ nídìí kíóòsì kó máa lọ sílé jẹ́jẹ́. Àwọn tó ń jẹ owó ńlá lórí tẹlifíṣọ̀n ni kò ní ibi tí wọ́n á sá sí, pàápàá lásìkò tí àwọn ajínigbé ń dá ọ̀nà, tí wọ́n ń wọlé tọ ènìyàn. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé owó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ àkáǹtì. Ẹ kọ ọ́ pé kò sí kámẹ́rà títí ọgbọ̀n ọjọ́ yóò fi pé, kí ẹni tó jẹ lè fọ̀rọ̀ lọ lọ́yà, kó bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ya òun, kó jẹ́ lórí ìwé tí wọ́n kọ ní èdè tó gbọ́.

Sọ̀wédowó páálí, mo ti kì ọ́ tán.
Bí wọ́n bá tún gbé ọ jáde ní Ìkẹjà, ní Mọ́kọ́lá,
Kí orúkọ ilé iṣẹ́ wà lára rẹ, àwọn ló ń polówó.
Kí iye owó wà níbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́.
Ibi tí orúkọ olówó máa ń wà, kó ṣófo
Títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ní kí wọ́n kọ ọ́.
Bó bá sì ní rárá, kí wọ́n gbọ́ rárá rẹ̀,
Kí owó rẹ̀ pé, kí kọ́bọ̀ kan má dín.